Àwo Àpàlà Kì í Ṣe Pàǹtírí

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ṣùgbọ́n ní Rẹ́mọ wa yìí, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, mo ti rí i tí àwo orin tí àwọn bàbá fi owó obì rà di ohun tí àwọn ọmọ ń tà ní owó pọ́ọ́kú.

Ta ni ń rà á? Àwọn tó ń kó àwo jọ ni. Wọn a gbé e síwájú iná, wọn a wò ó bóyá ó há, bóyá ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ṣì mọ́. Ohùn tó mọ́ gaara ni wọ́n ń wá. Àwọn kan ní àṣejù olówó ni, pé orin orí fóònù náà kò yàtọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi gbọ́ orin àpàlà kan lórí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà kọ láti ara òmíràn. Nígbà tí àgbàlagbà kan ní Ṣàgámù fi àwo rẹ̀ sórí giramafóònù fún mi, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìlù ń dá akọrin lóhùn.

Ẹ wò ó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lẹ́nu ìlù, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ohùn bá dàrú, òwe ìlù ti di ariwo nìyẹn.

Alàgbà Haruna Ishola, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tó dá ilé iṣẹ́ Star sílẹ̀ pẹ̀lú I. K. Dairo ní 1969, tó sì di olóògbé ní 1983, kò kọ ìwé ewì. Àwo ni ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe lámèyítọ́ àpàlà, ara àwo ni yóò ti kà á.

Ní 2020, ilé iṣẹ́ Soul Jazz ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àkójọ orin àwọn ẹgbẹ́ alápàlà ti 1967 sí 1970 jáde. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí téèpù àkọ́kọ́ bá ti sọnù, àwo tó mọ́ ni irú àwọn atẹ̀wé bẹ́ẹ̀ máa ń wá kiri láti da orin kọ. Èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn yín lè jẹ́ ẹ̀dà tó dára jù tó ṣẹ́kù.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àwo yín nàró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, ẹ má fi wọ́n sínú oòrùn, ẹ nu eruku ara wọn. Kí ẹ tó tà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ dà á kọ fún yín dáadáa. Kò yẹ kí ọmọ Rẹ́mọ lọ máa ra ohùn bàbá rẹ̀ padà láti Lọ́ńdọ̀nù.