Ẹ Sọ Ẹrù Kalẹ̀, Ẹ Má Sọ Ìrìn Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè ṣe àjèjì ní etí àwọn kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ alùpùpù ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni, ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó sì ni pẹ̀lú.

Ìyá kan nínú àwọn òǹkàwé wa, tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ̀wé sí wa. Ọkọ rẹ̀ ti di ẹni ọdún 68. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ti kúrò nílé tán ni bàbá ra alùpùpù ńlá, irú èyí tí a fi ń rin ọ̀nà jíjìn, tí ó ní àpótí ẹrù lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ìyàwó sì lè jókòó lé lẹ́yìn ọkọ bí ẹni jókòó ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Ìdùnnú ńlá ni ìrìn yìí jẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni alùpùpù náà ti wó lulẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe lórí eré o; ibi tí wọ́n ti fẹ́ dúró ni. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ ìyá há sábẹ́ rẹ̀, àwọn tí ń kọjá lọ ni wọ́n bá wọn gbé e. Orúnkún ń dun bàbá. Àwọn ọmọ ní kí ó tà á, kí ó sì jókòó sílé. Bàbá dáhùn pé òun kò tíì kú, àti pé bí òun bá gun alùpùpù kékeré, kí ni àwọn ẹgbẹ́ òun yóò wí? Ilé pín sí méjì. Ìyá wá bi wá pé kí ni kí òun ṣe, nítorí pé ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ kò fẹ́ kí ìrìn àjò àwọn méjèèjì dópin.

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí àwa tí a wà nílé mọ bí ohun tí à ń sọ ti tó. Alùpùpù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni ọ̀kadà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kò wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì àti díẹ̀ lọ. Bí a bá rí alùpùpù ńlá, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣíwájú ọkọ̀ gómìnà ni. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn tí a fi ń rin ọ̀nà jíjìn ni Gold Wing tí ilé iṣẹ́ Honda gbé jáde. Ní ọdún 1975 tí ó kọ́kọ́ jáde, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 999cc. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tóbi sí i. Láti 1988 ni wọ́n ti fi ohun tí ń yí i padà sẹ́yìn sí i, bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí pé ó ti wúwo ju ohun tí ènìyàn lè máa fi ẹsẹ̀ tì sẹ́yìn lọ. Nígbà tí ó fi di 2001, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti di 1832cc. Bí epo bá kún irú èyí tí ó ní gbogbo àpótí rẹ̀, ó lé ní 400 kìlógíráàmù. Ẹ ṣírò rẹ̀: àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ ni, kí ọkọ àti aya tó gùn ún, kí ẹrù wọn tó wọ inú rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe é pàápàá mọ̀ pé ẹrù náà ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún ọdún 2018, nǹkan bí 40 kìlógíráàmù ni wọ́n gé kúrò lára rẹ̀. Bí ẹni tí ó rọ ọ́ bá lè rí i pé ó yẹ kí ó fúyẹ́ sí i, kí ni ó dé tí ẹni tí ń gùn ún kò fi ní rí i?

Ohun kan wà tí ó ń tan àwọn bàbá wa jẹ. Bí alùpùpù ńlá bá ti ń sáré, kò wúwo mọ́. Táyà méjèèjì tí ń yí ni ó ń gbé e dúró, ó sì ń lọ ṣinṣin, afẹ́fẹ́ kò lè tì í kiri. Ìgbà tí ó bá dúró ni ó di ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ni ó kù tí yóò gbé e. Bí ilẹ̀ bá gẹ̀rẹ́ díẹ̀, tàbí tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn bá yí ara padà lójijì, alùpùpù a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ti tẹ̀ kọjá ààlà, kò sí alágbára tí ó lè dá a dúró mọ́. Nítorí náà ni bàbá fi lè rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ní àlàáfíà, kí ó sì ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé epo. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gùn. Agbára iṣan ara a máa dín kù bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, pàápàá lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ kì í sì í tètè dá ara dúró bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Alùpùpù náà ni kò yí padà, ara ni ó yí padà. Àwọn baba wa sì wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

KÍ NI ÌWÉ MÍMỌ́ WÍ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Dafidi nígbà èwe rẹ̀, nínú 1 Samueli orí 17. Nígbà tí ó fẹ́ lọ bá Goliati jà, Saulu gbé ìhámọ́ra ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Dafidi gbìyànjú láti rìn, kò lè rìn, ó sì bọ́ ọ. Ìhámọ́ra náà kò burú, ti ọba ni. Ṣùgbọ́n kò bá a mu. Ẹ ṣàkíyèsí pé Dafidi kò bọ́ ìhámọ́ra kí ó lè padà sílé; ó bọ́ ọ kí ó lè lọ ni.

Ẹ tún wo Dafidi kan náà nígbà tí ó dàgbà, nínú 2 Samueli 21, ẹsẹ 15 sí 17. Àárẹ̀ mú un lójú ogun, òmìrán kan fẹ́ pa á, Abiṣai ni ó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí àwọn ènìyàn rẹ̀ búra pé kò ní bá wọn jáde lọ sí ogun mọ́, nítorí pé fìtílà Israẹli ni ó jẹ́ lójú wọn, wọn kò sì fẹ́ kí ó kú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ bí a ti ń bá baba sọ̀rọ̀. Wọn kò wí fún un pé ó ti gbó, pé kò wúlò mọ́. Iye tí ó jẹ́ lójú wọn ni wọ́n sọ fún un. Dafidi sì gbà, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọmọ Lefi, nínú Numeri 8, ẹsẹ 24 sí 26. Bí wọ́n bá ti pé 50 ọdún, iṣẹ́ tí ó wúwo kúrò lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò lé wọn kúrò nínú àgọ́. Wọ́n ń ran àwọn arákùnrin wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹrù ni a gbé kúrò, a kò gbé ipò wọn kúrò.

Nítorí náà, ìdáhùn wa nìyí. Àwọn ọmọ tí ó ní kí bàbá jókòó sílé ti kọjá ààlà. Bàbá tí ó ní òun kò ní sọ ẹrù kalẹ̀ sì ti kọjá ààlà. Ọ̀nà kẹta wà láàárín méjèèjì. Kí bàbá pààrọ̀ èyí tí ó wúwo sí èyí tí ó fúyẹ́. Bí àpẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ Honda kan náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní CB500X, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí NX500 ní 2024. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 471cc, ìwúwo rẹ̀ kò sì tó 200 kìlógíráàmù. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin dípò mẹ́jọ! Ó lè sáré tó ohun tí òfin gbà lójú títì, ó sì lè rin ọ̀nà jíjìn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ PÀÁRỌ̀

1. Ẹ fi ara dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ jókòó lé e, kí ẹ rí i pé ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Àwọn kan fúyẹ́ ṣùgbọ́n ìjókòó wọn ga. Ẹ tì í sẹ́yìn fúnra yín níbi tí ilẹ̀ ti gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yá irú rẹ̀ gùn fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó ta ti àtijọ́.

2. Ẹ mú ìyàwó lọ́wọ́ lọ. Alùpùpù kọ̀ọ̀kan ni a kọ ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé sí inú ìwé rẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ kì í sì í gbé ẹrù púpọ̀. Ẹ ro ìwúwo ọkọ, ti aya àti ti àpò pọ̀. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n, ẹ wá èyí tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, tàbí kí ẹ dín ẹrù kù. Kí ìyá jókòó lé e lẹ́yìn kí ó sì sọ òtítọ́ bí ó ti rí lára rẹ̀.

3. Ẹ mọ ohun tí ẹ ó pàdánù. Atẹ́gùn yóò máa fẹ́ lù yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí tírélà bá kọjá, èyí tí ó fúyẹ́ a máa mì. Ìjókòó rẹ̀ kò tẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ gé ìrìn ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹ sì máa sinmi lóòrèkóòrè. Barsillai ará Gileadi jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tí ó sin Dafidi ọba kọjá odò Jordani. Kò bá a dé Jerusalemu, ṣùgbọ́n ó sìn ín dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

4. Ẹ tún ẹ̀kọ́ kọ́. Èyí tí ó fúyẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ó lè pa ènìyàn bí èyí tí ó wúwo ti lè pa á. Bíréèkì rẹ̀ yàtọ̀, bí ó ti ń yà ní kọ́nà yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ Motorcycle Safety Foundation tí a dá sílẹ̀ ní 1973 ní ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ àti fún àwọn tí ó ti pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ojú má ti àgbà láti jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́. Akoto, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n lára yín.

5. Bí ó bá ṣubú, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ wo ara yín àti ẹni tí ó wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì pe ènìyàn. Ẹ̀yìn tí ó bàjẹ́ nítorí ìtìjú a máa pẹ́ kí ó tó san.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù fún bàbá tí ń bẹ̀rù ẹnu ẹgbẹ́. Ní 1975, pásítọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas, Herb Shreve, dá ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tí ń gun alùpùpù sílẹ̀, Christian Motorcyclists Association. Ohun tí ó kọ́kọ́ mú un ra alùpùpù ni pé ó fẹ́ sún mọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, nítorí pé àárín wọn kò gún. Bàbá, ohun tí alùpùpù wà fún nìyẹn: kí a lè jọ rìn. Bí ó bá ti di ohun tí ń lé ọmọ jìnnà, tí ó sì ń kó ìpayà bá aya, ó ti kúrò ní ohun ìrìn, ó ti di òrìṣà. Àwọn tí ó bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìwọ̀n ẹ́ńjìnì kò ní wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá kán.

Ẹgbẹ́ tí a dárúkọ yìí a máa kó owó jọ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fi lára rẹ̀ ra ohun ìrìnnà fún àwọn ajíhìnrere ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí owó bá ṣẹ́ kù nígbà tí a ta èyí tí ó wúwo, ẹ rántí pé àwọn ajíhìnrere wà ní àwọn ìletò wa tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé. Ẹrù tí bàbá kan sọ kalẹ̀ lè di ẹsẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àti ẹ̀yin tí kò gun alùpùpù rí, ẹ yẹ ara yín wò. Ilé tí ó ti tóbi jù fún ènìyàn méjì, oko tí agbára kò ká mọ́, ipò tí a kò fẹ́ fi lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ nínú ìjọ: alùpùpù ńlá ni gbogbo wọn. Heberu 12, ẹsẹ 1, kò sọ pé kí a jáde kúrò lórí eré ìje. Ohun tí ń wọni lọ́rùn ni ó ní kí a mú kúrò, kí a lè sáré náà dé òpin.

FÚN ÀDÚRÀ ÌDÍLÉ

Ẹ ka 2 Samueli 21:15-17 pọ̀. Kí olúkúlùkù sọ ẹrù kan tí ó rò pé ó tó àkókò láti sọ kalẹ̀, kí àwọn yòókù má sì ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbàdúrà pé: Baba, fún àwọn àgbà wa ní ọgbọ́n láti mọ ìwọ̀n agbára wọn, fún àwọn ọmọ wa ní ahọ́n tí ń bọ̀wọ̀, má sì jẹ́ kí fìtílà ilé wa kú láìtọ́jọ́. Kí Olúwa máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé gbogbo wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.