Ifárẹ̀mílẹ́kún: Ìyà Kò Tó Láti Sọ Ènìyàn Di Aṣáájú

Àwáwí kan wà lẹ́nu àwọn àgbà awo ní etíkun Àgbádárìgì wa yìí tó ti sú mi í gbọ́. Bí ọmọ awo bá kérora pé ìnira pọ̀ jù, wọn a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà." Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ yíyan aṣáájú, wọn a ní ká mú ẹni tó ti jìyà jù, pé òun ni yóò mọ àánú. Mo tako ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀rí mi kò jìnnà. Ilé ẹrú tí a ń pè ní Brazilian Baracoon wà láàárín ìlú, pẹ̀lú yàrá 40 tí ìtàn sọ pé a ń kó ẹrú sí. Ẹni tó ni ín ni Olóyè Sèríkí Williams Abass, tó kú ní ọdún 1919. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ni Ifárẹ̀mílẹ́kún. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ Ifá. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, wọ́n tà á, wọ́n gbé e dé Bràsíìlì. Nígbà tó padà dé etíkun yìí, òwò tí wọ́n fi òun ṣe ni òun náà ń ṣe, títí ó fi di olówó àti aláṣẹ ìlú. Ta ni ìbá tún mọ̀ jù ú lọ bí ó ṣe ń dun ọmọ tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀? (N kò fi èyí bú ìran rẹ̀, ọmọ kì í yan baba.)

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò yọ igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Wọn kò ní kó rántí pé wọ́n ti gún òun rí. Iṣẹ́ tí à ń ṣe lákọ̀tun ni, nígbàkúùgbà tí igi bá wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo ètò ìdáfá fúnra rẹ̀. Oníbèéèrè kì í ro ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún babaláwo. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́ sí owó. Awo yóò máa ki ẹsẹ kan tẹ̀lé òmíràn, títí oníbèéèrè yóò fi ní èyí ni tòun. Bí awo ti wù kó gbọ́n tó, ẹni tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀ ló ń tọ́ka sí i. Síbẹ̀ lónìí, oníbèéèrè kò tíì jókòó tí awo mìíràn ti ń sọ ìṣòro rẹ̀ fún un. Ọmọ awo wo ni yóò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ara òun kò yá?

Nínú Ìkà Òfún, Ifá kìlọ̀ fún àwọn àgbà tó fẹ́ gbó láyé pé wọn kò gbọdọ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú, wọn kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ arúgbó. Wọ́n tẹ èèwọ̀ náà lójú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, Ọ̀rúnmìlà ni wọ́n ní ó ń pa wọ́n. Ẹ kò rí i pé àwáwí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí?

Ohun tí mo ń béèrè rèé. Kí ìgbìmọ̀ tó fi oyè lé ẹnikẹ́ni lórí mọ́, kí wọ́n pe àwọn ọmọ awo tó gbé ilé rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, kí òun má sí níbẹ̀. Kí wọ́n béèrè bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ebi ń pa á, àti ohun tó ń ṣe nígbà tí ọmọdé bá ṣi ẹsẹ kì. Kí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó da obì.