Yìnyín Odò Hudson àti Ẹ̀ka Ìrókò

Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ títọ́ la sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti mú ní ìpínlẹ̀ New York, mo rí i pé ó bá àwọn tó ń la yìnyín lórí odò Hudson mu gan-an.

Odò yìí ni ọkọ̀ ń gbà gbé epo tí wọ́n fi ń mú ilé móoru lọ sí Albany. Bó bá dì, ará ilé ni yóò gbọ̀n. Lọ́dún 1936, Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà máa la yìnyín kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà gbà.

Tọ́ọ̀gì ni wọ́n ń lò, ọkọ̀ kékeré tó lágbára. Imú rẹ̀ á gun orí yìnyín, ìwúwo rẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 140 tún máa ń tú afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Omi á máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yìnyín ò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí yìnyín bá nípọn tó ínǹṣì 20, yóò là á kọjá láìdúró. Bó bá fi lè tó ẹsẹ̀ bàtà 3, àfi kó fà sẹ́yìn, kó sáré kọlù ú, kó tún fà sẹ́yìn.

Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé ìrókò tí a pa ẹ̀ka rẹ̀ lónìí yóò tún yọ òmíràn. Ọ̀nà tí tọ́ọ̀gì là lọ́sàn-án lè dì padà lóru. Kíkún àti fífà omi òkun, tí ipá rẹ̀ dé ìlú Troy, á máa ti àfọ́kù yìnyín síwá sẹ́yìn, á há a mọ́ ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà ní West Point. Ọ̀nà àná ni wọ́n tún ń là. Òbí tó bá ọmọ wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá lọ sinmi, kò tíì pa ẹ̀ka kankan.

Ní ìpínlẹ̀ Maine náà, bí òtútù bá ń lọ sópin, àwọn tọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ bàtà 65 bíi Shackle àti Tackle máa ń gòkè odò Kennebec àti Penobscot lọ fọ́ yìnyín, kó má baà dí odò, kí omi má ya wọ ìlú.

Àwọn ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí ti darúgbó o. Láàárín 1961 sí 1967 ni wọ́n kàn wọ́n. Kí ìjọba Amẹ́ríkà tètè kan òmíràn nígbà tí wọ́n ṣì ń rìn.