*ÀṢÍRÍ ARA YÍN KÌ Í ṢE ỌJÀ*

Ọ̀rọ̀ tòní lè má jọ ọ̀rọ̀ ìlera lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Aboyún kan wà tí a ṣe àyẹ̀wò fún, tí a sì rí àrùn jẹdọ̀jẹdọ̀ oríṣi B lára rẹ̀. Nígbà tó délé, kò rí oorun sùn. Ó mú fóònù, ó ń wá ọ̀rọ̀ nípa àìsàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìpolówó àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú níbi gbogbo tó bá ṣí, ìbáà jẹ́ ìròyìn, ìbáà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọbẹ̀ sísè. Àbúrò ọkọ rẹ̀ yá fóònù náà lọ́jọ́ kan, ó rí ìpolówó náà léraléra, ó bi í léèrè, ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìtìjú mú un, kò padà wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ilé ló bímọ sí. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó gbé ọmọ náà wá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. A fún un ní tirẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, a ó sì ṣe àyẹ̀wò fún un tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án. Títí di ìgbà náà, ọkàn ìyá rẹ̀ kò balẹ̀, tèmi náà kò balẹ̀. Kí n tó kọjá níbẹ̀: jẹdọ̀jẹdọ̀ B kì í ti ara abọ́ tàbí ife ràn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìgbà ìbímọ ló máa ń gbà ràn.

*Ta ló tú àṣírí obìnrin yìí?* Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí èmi bá jáde sí ẹnu géètì, tí mo sọ fún ẹni tó ń ta àgbo pé, "Lágbájá ní jẹdọ̀jẹdọ̀, ẹ lọ bá a," wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ kan fi ń ṣòwò lójoojúmọ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Browser ni ohun tí ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì: Chrome, Safari, Firefox àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan, ẹ lè rò pé ẹ̀yin àti onílé nìkan lẹ wà níbẹ̀. Rárá o. Àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó ti jókòó sí kọ̀rọ̀. Wọ́n á fi àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cookie sínú browser yín, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹfun sàmì sí yín lẹ́yìn tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá dé ojú ìwé mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà wà, á rí àmì rẹ̀, á mọ̀ pé fóònù yìí ló wá oògùn ẹ̀dọ̀ lánàá.

Browser ni adènà tó lè lé wọn. Láti ọdún 2020 ni Safari ti ń dènà irú àmì àjèjì bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Lọ́dún 2020 kan náà, Google ṣèlérí pé Chrome náà yóò mú wọn kúrò. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2024, wọ́n yí ohùn padà. Orí ìpolówó ni Google ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, òun náà ló sì ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà wọlé. Ta ní í fi ológbò ṣọ́ ẹja?

Ẹ má sọ pé àsọdùn ni. Lọ́dún 2021, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Flo, áàpù tí àwọn obìnrin fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù wọn, pé ó ń fi ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ sí Facebook àti Google lẹ́yìn tó ti ṣèlérí pé àṣírí ni. Lọ́dún 2024, Avast, tó ń ta ohun ààbò fún kọ̀ǹpútà, gbà láti san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́dẹ tí wọ́n gbà pé kó ṣọ́lé!

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, mi ò ṣe ohun búburú, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?" Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a fi ń fa kọ́tìnnì bí a bá fẹ́ yẹ aboyún wò? Ṣé ó jalè ni? Àwọn mìíràn ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún wa, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun. Rédíò náà ń jẹun lórí ìpolówó, ṣùgbọ́n rédíò kì í tẹ̀lé aláìsàn kiri.

Nílẹ̀ wa níbí, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tó gba ìtọ́jú pàtàkì. Àjọ NDPC ló wà fún ẹ̀sùn. Bí a bá dákẹ́, ìwé lásán ni òfin náà máa jẹ́.

Kó tó dìgbà náà, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

*1.* Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Third-party cookies sí, kí ẹ sì dènà wọn.

*2.* Lórí fóònù Android, ẹ lọ sí Settings, Google, Ads, kí ẹ tẹ Delete advertising ID.

*3.* Incognito kì í jẹ́ kí ẹni tó bá yá fóònù yín rí ibi tí ẹ lọ. Ó dára fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò fi yín pamọ́ fún ojú ìwé tí ẹ ṣí.

*4.* Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ìpolówó tó ń lé yín kiri. Kò mọ oyún inú yín, kò mọ oògùn tí ẹ ń lò.

N kò ní kí ẹ má wá ìmọ̀ o. Ẹ máa wá a. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá gbé nǹkan tó ń dẹ́rù bà yín jáde, ẹ padà wá sọ́dọ̀ wa. Ohun tí ẹ bá bá wa sọ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló máa wà.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní aboyún nílé.

Nọ́ọ̀sì yín ni o.