Dírákímà Mélòó Ló Wà Nínú Slug Kan?

Díẹ̀ ló kù kí a gbé irọ́ jáde lójú ìwé yìí. A fẹ́ ṣàlàyé bí tálẹ́ńtì, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ láti inú Bíbélì, ṣe wúwo tó ní Áténì àtijọ́, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sì rí i ní slug. Èsì tí a kọ́kọ́ kọ ni slug 57. Ìyẹn lé ní kílò 800! Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré ló ń wúwo bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ibi tí a ti ṣìnà.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì, orúkọ owó náà ni orúkọ òṣùwọ̀n. Óbólì 6 jẹ́ dírákímà 1, dírákímà 100 jẹ́ mínà 1, mínà 60 sì jẹ́ tálẹ́ńtì 1. Óbólì tan mọ́ ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń yan ẹran. Dírákímà wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a di nǹkan mú, bí ẹní sọ pé ẹ̀kúnwọ́ kan. Lọ́dọ̀ tiwa náà, àpò owó ẹyọ, ìyẹn ọ̀kẹ́, ló di orúkọ fún 20,000.

Ní Áténì, dírákímà 1 tó nǹkan bíi gíráàmù 4.3. Owó fàdákà wọn tó ní àwòrán òwìwí, tó jẹ́ dírákímà 4, lé díẹ̀ ní gíráàmù 17. Tálẹ́ńtì 1, tó jẹ́ dírákímà 6,000, tó nǹkan bíi kílò 25.8, ìyẹn pọ́n-ùn 57. Ibẹ̀ gan-an la ti ṣubú: a rí pọ́n-ùn, a pè é ní slug.

Iṣẹ́ méjì ni pọ́n-ùn ń ṣe. Ó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó, ó tún ń wọn bí nǹkan fúnra rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ wa, ìwúwo, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Slug kò ṣe ju iṣẹ́ kejì lọ. Bí agbára pọ́n-ùn 1 bá ń ti slug 1, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, eré rẹ̀ yóò máa fi ẹsẹ̀ bàtà 1 lé sí i. Slug 1 jẹ́ pọ́n-ùn 32.174, tàbí nǹkan bíi kílò 14.59. Nítorí náà, ẹ fi 32.174 pín pọ́n-ùn 57: tálẹ́ńtì Áténì jẹ́ nǹkan bíi slug 1.77. Slug kan sì gba nǹkan bíi dírákímà 3,400.

Ẹ má gbàgbé ìlú o. Dírákímà erékùṣù Aegina tó nǹkan bíi gíráàmù 6, owó tó ti pẹ́ nílẹ̀ sì máa ń jẹ. Bí ọmọ yín bá gbé èsì wá, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Dírákímà ìlú wo?" Àwa náà ì bá ti béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.