Ọmọ Tí Ó Ń Mu Ọtí Ní Ìkọ̀kọ̀

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní yunifásítì tàbí pólì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ara ilé ìtàwé Kristẹni, Challenge Bookshop, ni àdúgbò wa yìí ti gba orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rìn káàkiri Challenge nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí bíà, párága àti ọtí inú ọ̀rá lọ́tùn-ún lósì. Ní ọdún 2018, ìjọba àti àwọn tí ń ṣe ọtí fohùn ṣọ̀kan pé ọtí inú ọ̀rá yóò kúrò lọ́jà kí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 tó parí. Nígbà tí ọdún náà dé, wọ́n tún sún ọjọ́ náà síwájú. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ yín sílẹ̀ fún òfin ìjọba nìkan.

Bí ẹ bá bi ọmọ pé, “Ṣé o ń mutí?”, kí ni yóò sọ? “Rárá, mà.” Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ni yóò mú un sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní sọ fún pásítọ̀ náà. Àmọ́ ó lè sọ òótọ́ fún ohun tí kò lè bá a wí.

Ní ọdún 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìbéèrè 10 jáde tí wọ́n pè ní AUDIT. Orílẹ̀-èdè 6 ni wọ́n ti dán an wò, Kenya sì wà lára wọn. Ó ń béèrè pé: Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń mutí? Mélòó lo ń mu lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé o kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná? Máàkì 40 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà ní bèbè ewu. Ní ọdún 2005, Dókítà Abiodun Adewuya gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé àwọn ìbéèrè yìí wúlò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà níbí.

Ní òkè òkun, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kypros Kypri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní New Zealand àti Ọsirélíà. Akẹ́kọ̀ọ́ á dá jókòó, á dáhùn, kọ̀ǹpútà á sì fi iye tí òun ń mu hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mu. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. “Gbogbo wa la ń mu ún” ni irọ́ tí ó ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sínú ìgò. Nígbà tí ó bá rí i pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òun kì í mu tó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á là. Àmọ́ àwọn ìwádìí fi hàn pé ìyàtọ̀ tí ètò yìí ń mú wá kò pọ̀. Ilẹ̀kùn ni, ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba ọmọ náà mọ́ra.

Ẹnìkan lè wí pé, “Pásítọ̀, ṣé ‘dín in kù’ ni kí ìjọ máa wí, tí kì í ṣe ‘jáwọ́’?” Ẹ̀kọ́ wa kò yí padà: ẹ jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jìn sí kòtò, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbé jáde kì í ṣe ohun ẹ̀gàn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe nǹkan mẹ́ta:

Èkínní, ẹ kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ìgò bíà 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ògidì ọtí nínú. Ọ̀rá 30ml tí agbára rẹ̀ jẹ́ 43% ní nǹkan bíi 10. Ẹni tí ó ní “bíà lásán ni mo mu” ti mu ju ọ̀rá méjì lọ.

Èkejì, kí àwọn olórí ọ̀dọ́ fún wọn ní ìbéèrè 10 náà kí wọ́n dáhùn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má gba orúkọ, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ ṣáà sọ ẹni tí wọ́n lè lọ bá.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnìkan bá ń mu lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má fi ààwẹ̀ dá a dúró lójijì. Ó lè dá gìrì sí i lára, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa gbàdúrà lọ́nà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ilé yín jẹ́ ibi tí ọmọ ti lè sọ òótọ́ kí ó tó di pé òpópónà tàbí wọ́ọ̀dù sọ ọ́ fún yín. Olúwa kò ní jẹ́ kí á pàdánù wọn. Àmín.