Páásíwọ́ọ̀dù Ni Kí Wọ́n Mú, Kì í Ṣe Script

Láti Ìyànà-Ìbà títí dé Okokomaiko ní Èkó, òfin kan wà tí ilé aṣòfin kankan kò ṣe: ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ṣí láptọ́ọ̀pù, tí lẹ́tà funfun ń sáré lórí ojú rẹ̀ tó dúdú, Yahoo ló ń ṣe. Bó bá wá lọ jẹ́wọ́ pé òun kò tẹ nǹkan kan, pé script, ìyẹn àṣẹ tí òun ti kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ló ń bá òun wọ server tó wà lókè òkun, ẹ̀rí ti pé nìyẹn.

Iṣẹ́ tí irú script bẹ́ẹ̀ ń ṣe dàgbà ju ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá tó ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1990 ni Don Libes, òṣìṣẹ́ àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé Expect jáde. Expect á pe ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, á dúró títí ẹ̀rọ náà á fi sọ pé “login:”, á wá fi èsì tó yẹ ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà bá fọ̀ padà ló lè kọ sínú fáìlì. Ẹni tó ń tọ́jú ogójì router kò ní láti máa wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní òru. Ilẹ̀ á mọ́, á ka fáìlì, á mọ èyí tó ti kú. Ta ni ìyẹn lù ní jìbìtì?

Wọ́n á ní ṣebí ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi da Laíbéríà láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni. Mirai, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó tàn káyé ní 2016, máa ń dúró de “login:” gẹ́lẹ́ bíi Expect. Bó bá wọlé, á ní kí ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ kan tí kò sí, á sì ka èsì rẹ̀. Bí èsì bá ní “MIRAI: applet not found”, ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ti bà á. Ṣùgbọ́n kí ló fi wọlé? Orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù bí ọgọ́ta: “admin”, “123456”, àwọn tí iléeṣẹ́ fi sára CCTV àti router, tí ẹni tó rà wọ́n kò yí padà. Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba owó láti fi wọ́n kọlu iléeṣẹ́ Lonestar, íntánẹ́ẹ̀tì Laíbéríà sì dákú ní oṣù Kọkànlá 2016. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ni kóòtù kan ní London fún un ní oṣù Kìíní 2019. Kò sí ẹni tó fi “admin” sẹ́wọ̀n.

Àwọn kan ní kí kálukú máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ páásíwọ́ọ̀dù nígbà náà. “Admin” tí ọwọ́ tẹ̀, “admin” ni.

Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn ọmọ script mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń kọ páásíwọ́ọ̀dù gbàgede sínú script, wọ́n ń fi sshpass, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn tẹ páásíwọ́ọ̀dù, gbé e wọlé, wọ́n tún ń fi fáìlì náà ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Láti 1995 ni Tatu Ylönen ti ṣe SSH, ọ̀nà ààbò láti wọ server, ní yunifásítì kan ní Finland, lẹ́yìn tí olè jí páásíwọ́ọ̀dù kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Ó lè lo kọ́kọ́rọ́ dípò páásíwọ́ọ̀dù: ìdajì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́, ìdajì kejì wà nínú server. Èèyàn tilẹ̀ lè dè é pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe, kó kàn wo dísíìkì, kó jáde. Script wà, páásíwọ́ọ̀dù kò sí.

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti 2015, pàápàá kò béèrè bóyá ọwọ́ ló tẹ̀ ẹ́ tàbí script. Àṣẹ ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka òfin lójú pópó? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marina á bọ́ sílẹ̀ ní Mile 2. Á wọ dánfó, á pàdé àwọn agbófinró. “Ṣí fóònù rẹ.” SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá, ti túká láti oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá sì ti ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé wọn kò gbọdọ̀ tú fóònù ẹni lójú títì. Ẹni tó ń gba páásíwọ́ọ̀dù ẹni ẹlẹ́ni láìní àṣẹ, tó wá ń wá ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kiri! Mirai kò tilẹ̀ jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gidi, kí wọ́n yà sí ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀. CCTV àti router kún ọjà náà, tuntun àti tòkunbọ̀. Oníbàárà á ná an, á béèrè wáráńtì. Kò ní béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Oníṣẹ́ tó bá a gbé kámẹ́rà kọ́ sára ògiri á fi “admin” sílẹ̀, kó lè rọrùn bí wọ́n bá tún pè é. Bí onílé tó fi àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ kan náà ń ṣí sí ogún yàrá ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de títa ẹ̀rọ tó ní irú páásíwọ́ọ̀dù àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2024. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà Alábà kò nílò Abuja láti ṣe tiwọn: kí ẹ̀rọ kankan má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹni tó rà á tó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun níwájú ọlọ́jà, kí oníṣẹ́ tó bá sì dá a padà sí “admin” dá owó iṣẹ́ padà.